Ọ̀rọ̀ tó ń ya àwòrán, àti bí a ṣe lè gbé e láti èdè kan sí èkejì

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò jìnnà sí yín. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni gbogbo wa ń lò ó. Nígbà tí ẹ bá sọ pé kajú pọ́n dẹ̀dẹ̀, pé omi mọ́ gaara, pé ọmọ sùn fọnfọn, pé ilé pa rọ́rọ́, ẹ ti lò ó nìyẹn. Dẹ̀dẹ̀, gaara, fọnfọn, rọ́rọ́: irú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni mo ń sọ. Èmi máa ń pè wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó ń ya àwòrán, nítorí pé bí etí bá ti gbọ́ wọn, ojú ti rí nǹkan náà kí ẹnu tó dákẹ́.

Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ará Bessé ni mí, ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀. Mo ti lé ní ogójì ọdún. Sẹtífíkà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo gbà, n kò lọ sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà àti ìwé kíkọ ní èdè Nàgó.

Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, èdè kan ṣoṣo kò tó gbé ayé. Nàgó ni a ń sọ nílé. A ń bá àwọn Fúlàní sọ̀rọ̀ lórí màlúù àti wàrà. A ń bá àwọn Mahi àti àwọn Fọ̀n ná ọjà. Bí ọ̀rọ̀ bá wá dé ọ́fíìsì tàbí ilé ìwòsàn, Faransé ló kù. Ojoojúmọ́ ni a ń gbé ọ̀rọ̀ láti èdè kan sí èkejì, bí ẹni tó ń da omi láti inú agbè kan sí inú òmíràn. Omi díẹ̀ a máa dànù. Èyí tó máa ń dànù jù ni ọ̀rọ̀ tó ń ya àwòrán. Nígbà mìíràn, ohun tó dànù yẹn lè tó ẹ̀mí èèyàn, bí ẹ ó ṣe rí i níwájú.

Ṣé ariwo ni wọ́n?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú kíláàsì wa, mo kọ «gbì» sí ojú pátákó. Bàbá kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé bíìkì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, «Olùkọ́, ṣé ariwo ni a fẹ́ máa kọ sínú ìwé báyìí? Mo rò pé ọ̀rọ̀ gidi ni ìwé wà fún.»

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè bàbá náà kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò bẹ́ẹ̀. A rò pé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dára lẹ́nu ọdẹ àti lẹ́nu ìyá tó ń pa àlọ́, ṣùgbọ́n pé wọn kò yẹ ìwé. N kò bá wọn jiyàn. Mo kọ gbólóhùn méjì:

Igi kan wó.
Igi kan wó gbì.

Mo ní, «Ẹ jọ̀wọ́, igi wo ló tóbi jù nínú méjèèjì?» Gbogbo wọn ló nawọ́ sí èkejì. Mo ní, «Ta ló sọ fún yín? N kò kọ ọ́ pé igi náà tóbi.» Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Ìyá kan dáhùn pé, «Gbì ló sọ fún wa.» Mo tún kọ ọ́ pé: Máńgòrò kan bọ́ pó. Ẹnikẹ́ni kò ní kí n ṣe àlàyé bí máńgòrò náà ṣe tó. Bàbá wa mú bíìkì rẹ̀ padà. Ó ní, «Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ariwo yìí mọ ohun tó ń sọ.»

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń kó wọn jọ, bí ẹni ń ṣa kajú. A sì rí i pé wọ́n ní òfin. Mo fẹ́ kí ẹ mọ mẹ́ta nínú òfin náà.

Èkíní, ohùn ń sọ bí nǹkan ṣe tóbi tó. Ẹ pe ọ̀rọ̀ méjì yìí sókè: ròbòtò, róbótó. Àwọn lẹ́tà kan náà ni. Èyí tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ohun ńlá tó rí kìrìbìtì ni. Èyí tí ohùn rẹ̀ wà lókè, ohun kékeré ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń yọ yín lẹ́nu lórí àmì ohùn. Bí ẹ kò bá fi àmì sí i, elégédé ńlá àti ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ di ọgbọọgba lórí ìwé.

Èkejì, bí a ṣe ń tún un pè ní ìtumọ̀. Bí àyà yín bá já lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó ní ó já pàà. Bí ó bá ń lù láìdáwọ́dúró, ẹ ó ní ó ń lù kì, kì, kì. Ẹ̀ẹ̀kan fún ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ ìgbà fún ohun tó ń lọ síwájú. Ẹ sì wo àwọn wọ̀nyí: wúruwùru, játijàti, jákujàku, rádaràda, gbágungbàgun. Apá àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lókè, apá kejì bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Kí ni gbogbo wọn ń sọ? Ohun tí kò gún, ohun tí kò létò. Ìró wọn fúnra rẹ̀ ń tiro.

Ẹ̀kẹta, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ẹni tó ń bá rìn. Pupa ń bá fòò rìn. Dúdú ń bá kirikiri rìn. Funfun ń bá báláú rìn. Igi ga fíofío, omi kún fọ́fọ́, ara gbóná janjan, òkùnkùn ṣú biribiri, ilé mọ́ tónítóní, òkúta le koko. Bí ẹnì kan bá sọ pé aṣọ òun funfun kirikiri, àwọn ọmọdé pàápàá yóò wò ó lójú. Wọn kì í gba ìyàwó ara wọn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti kíyè sí èyí tipẹ́tipẹ́. Ẹ ti gbọ́ orúkọ Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré, tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù nígbẹ̀yìn. Òun ló ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ìwé. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀ ní 1852, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Vidal ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Vidal kíyè sí i pé èdè wa ní irú ọ̀rọ̀ kan tí kò lè fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ fún òmíràn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì di mọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu gan-an. Ní Tógò, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Westermann ṣe ìwé gírámà èdè Ewe ní 1907. Òun náà kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ jọ tí àwọn Ewe fi ń ya àwòrán bí èèyàn ṣe ń rìn: ìrìn ẹni kúkúrú, ìrìn ẹni sísanra, ìrìn ẹni tó ń yára. Ẹ rí i pé àwọn tó kàwé jù wá lọ kò pe ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ariwo.

Àwọn ará Jàpáànì náà ní tiwọn

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Kutọnu. Èdè Jàpáànì ló ń kọ́ níbẹ̀. Kí ó má yà yín lẹ́nu. Àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ti ń kọ́ èdè náà ṣáájú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Zomahoun Rufin, di gbajúmọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n àwọn ará Jàpáànì ní ìparí àwọn ọdún 1990. Ó fi èdè wọn kọ ìwé. Lẹ́yìn náà, ó di aṣojú orílẹ̀-èdè wa ní ilẹ̀ wọn.

Nígbà tí ọmọ náà wá sílé lásìkò iṣu tuntun, mo bi í pé kí ló le jù nínú èdè náà. Mo rò pé yóò sọ pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni, nítorí pé àwọn àmì tí wọ́n fi ń kọ̀wé lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ó ní èyí le lóòótọ́, ṣùgbọ́n sùúrù lè ṣẹ́gun rẹ̀. Ohun tó ń dà á láàmú ni àwọn ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń pè lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá wo ìwé atúmọ̀, gbólóhùn gígùn ní èdè Faransé ni yóò bá níbẹ̀ fún ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, kò sì ní yé e síbẹ̀.

Mo ní kí ó sọ díẹ̀ fún mi. Ó ní bí òjò bá ń rọ̀ gidigidi, wọ́n á ní zaazaa. Bí ó bá ń rọ̀ jẹ́jẹ́ tí kò dá, wọ́n á ní shitoshito. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní potsupotsu. Bí àyà bá ń lù, dokidoki. Bí nǹkan bá ń tàn bí ìràwọ̀, kirakira. Ó wá ní, «Bàbá, wọ́n tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan fún ibi tí kò sí ariwo kankan. Shiin ni wọ́n ń pè é. Báwo ni ohun tí kò dún yóò ṣe ní ìró?»

Mo bi í pé, «Bí o bá wọ agboolé tí gbogbo èèyàn ti lọ sóko, báwo ni ibẹ̀ ṣe máa ń rí?»

Ó ní, «Ó máa ń pa rọ́rọ́.»

Bí ó ṣe sọ ọ́ tán, ó bú sẹ́rìn-ín. Láti kékeré ni shiin ti wà lẹ́nu rẹ̀. Inú Faransé ni ó ti ń wá a, kò sì sí níbẹ̀.

A mú ìwé, a jókòó sábẹ́ igi. Zaazaa di ṣàà. Potsupotsu di tó, tó, tó. Dokidoki di kì, kì, kì. Kirakira di yinrinyinrin. Nígbà tí a dé orí shitoshito, a dúró. Mo ní kí ó kọ wínníwínní. Ó rò ó, ó ní kò bára mu tán. Wínníwínní ń sọ bí ẹ̀kán òjò ṣe kéré. Tiwọn ń sọ bí òjò ṣe ń rọ̀ láìpariwo, tí kò sì dá. A kọ «jẹ́jẹ́, láìdá» sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn sí i pé kò fi tipátipá gbà á. Ẹni tó ń túmọ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ pé, «Ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n òun kọ́.»

Ó tún fi ohun kan hàn mí tó jọ mí lójú. Bí òkúta kékeré bá ń yí, wọ́n á ní korokoro. Bí òkúta ńlá bá ń yí, wọ́n á ní gorogoro. Bí a bá kan ilẹ̀kùn fẹ́ẹ́rẹ́, tonton. Bí a bá lù ú pẹ̀lú agbára, dondon. Ẹ rántí ròbòtò àti róbótó wa. Ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè ni àwa fi ń ya ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré. Àwọn fi k àti t ṣe kékeré, wọ́n fi g àti d ṣe ńlá. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni oníkálukú gbà, ọjà kan náà ni wọ́n dé. Bí ohun tó ń yí bá yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, koron ni wọn yóò wí, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń sọ ẹ̀ẹ̀kan yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ìgbà.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé bí èdè méjì bá ní irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ó kàn gbọ́ ọ ni, yóò sì yé yín. Ọmọ náà ní bí ebi bá ń pa ará Jàpáànì, ó lè sọ pé ikùn òun ń ṣe pekopeko. Ta ló lè méfò ìyẹn? Bákan náà ni Fúlàní kan tó ń kọ́ Nàgó bi mí nígbà kan pé kí ni fíofío. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí ìtumọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lójú tiwa ni. Lójú rẹ̀, bí ẹyẹ ló ń dún. Kódà àkùkọ, tí ó jẹ́ àkùkọ kan náà káàkiri ayé, kùkùrúkùú ló ń kọ fún wa, cocorico ló ń kọ fún Faransé, kokekokko ló ń kọ fún ará Jàpáànì. Àkùkọ kò yí ohùn padà. Etí oníkálukú ló gba inú èdè rẹ̀ kọjá kí ó tó gbọ́.

Ọ̀nà tí Faransé ń gbà

Ẹ má sọ pé Faransé kò ní nǹkan kan. Wọ́n ní tic-tac fún aago, plouf fún ohun tó já sínú omi, boum fún ohun tó bú gbàmù. Ohun tó ń dún ni wọ́n sábà máa ń fún ní irú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tó bá kan ohun tí kò dún, bí pupa, bí gíga, bí oorun, wọ́n máa ń gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n á fi nǹkan wé nǹkan.

Níbi tí àwa ti ní òjò ń rọ̀ ṣàà, wọ́n á ní òjò ń rọ okùn: il pleut des cordes. Níbi tí àwa ti ní ó sùn fọnfọn, wọ́n á ní ó sùn bíi kùkùté igi: il dort comme une souche. Níbi tí àwa ti ní funfun báláú, wọ́n á ní ó funfun bíi yìnyín tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run nílẹ̀ wọn: blanc comme neige. A kò rí irú yìnyín bẹ́ẹ̀ rí ní Bessé, ṣùgbọ́n a mọ òwú. Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbé ọ̀rọ̀ wa lọ sí Faransé, ẹ má máa wá ìró. Ẹ wá àfiwé. Bí ẹ bá sì ń gbé ọ̀rọ̀ Faransé bọ̀ wá sí Nàgó, ẹ má túmọ̀ okùn, ẹ má túmọ̀ kùkùté. Ẹni tó bá sọ nílé pé òjò ń rọ okùn, wọn yóò bi í bóyá ara rẹ̀ yá.

Ohun tí mo rí nílé ìwòsàn

Mo ti ní ohun tó ń dànù lè tó ẹ̀mí èèyàn. Ẹ gbọ́ èyí.

Mo wà nílé ìwòsàn kan lọ́jọ́ kan nítorí ọ̀rọ̀ ti ara mi. Ìyá àgbà kan gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ wọlé. Ẹni tó ń gba àwọn aláìsàn lọ́jọ́ náà kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, kò gbọ́ Nàgó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bá wọn túmọ̀. Ìyá àgbà náà ní, «Ọmọ yìí ti rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Ojú rẹ̀ ti jìn kòtò. Láti àná ló ti ń yàgbẹ́ ṣàà.»

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ ní èdè Faransé pé ó ti rẹ ọmọ náà, pé inú ń ṣe é. Fatigué ni ọ̀rọ̀ tó lò. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí ìyá àgbà lọ jókòó kí ó dúró de àyè rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò purọ́, Faransé rẹ̀ sì dára ju tèmi lọ. Ó wá ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí yóò dúró fún jọ̀wọ̀lọ̀, kò rí i, ó mú èyí tó sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó dànù lójú ọ̀nà. Ọmọ tó rẹ̀ lè sùn kí ara rẹ̀ sì yá. Ọmọ tó rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, bí ẹ bá gbé apá rẹ̀ sókè, fúnra rẹ̀ ni yóò já bọ́. Ọmọ tí inú ń ṣe lè lọ ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó ń yàgbẹ́ ṣàà, omi ara rẹ̀ ló ń tán lọ. Ojú tó jìn kòtò kò sì dé inú Faransé rárá.

Ìyá àgbà náà tún un sọ, ó pariwo díẹ̀: «Jọ̀wọ̀lọ̀ ni mo wí!» Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi ẹnu sí i. N kò wá ọ̀rọ̀ kankan. Mo sọ ohun tí ojú ń rí. Mo ní, «Ẹ gbé apá ọmọ náà wò, kò lè dá a dúró. Ẹ wo ojú rẹ̀ bí ó ṣe wọ inú lọ. Omi lásán ló ń jáde nídìí rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró láti àná.» Ẹni náà gbé bíìkì sílẹ̀, ó dìde. Ó fi ìka méjì fa awọ ikùn ọmọ náà, ó wò bí awọ náà ṣe ń falẹ̀ kí ó tó padà. Wọn kò jẹ́ kí ìyá àgbà jókòó mọ́. Wọ́n gbé ọmọ náà wọlé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní omi lójú ẹsẹ̀. Ọmọ náà yè.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Jàpáànì. Láti 2008 ni wọ́n ti ń gba àwọn nọ́ọ̀sì láti Indonéṣíà, ní 2009 wọ́n fi Filipíìnì kún un, ní 2014 wọ́n fi Vietnam kún un. Àwọn àlejò yìí mọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láti ilé. Ṣùgbọ́n aláìsàn Jàpáànì kò kàn ní sọ pé orí ń dun òun. Yóò ní orí òun ń ṣe zukizuki, ìyẹn ni pé ó ń lù bí iṣan ṣe ń lù. Yóò ní awọ òun ń ṣe chikuchiku, bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń gún un. Yóò ní inú òun ń ṣe kirikiri, ìyẹn ni pé ó ń já a jẹ bí ọ̀bẹ. Nọ́ọ̀sì tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn kò mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn rẹ̀. Àwa náà mọ̀ pé ó ń ro mí, ó ń gún mi, ó ń ta mí àti ó ń jó mi kì í ṣe ohun kan náà. J'ai mal ló máa ń bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀ bí ẹ kò bá ṣọ́ra.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, wọn yóò pè yín láti túmọ̀ lọ́jọ́ kan. Nítorí pé ẹ mọ̀wé, àwọn aládùúgbò yóò ní kí ẹ tẹ̀lé àwọn lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, sí ọ̀dọ̀ àwọn sándámù, sí ọ́fíìsì. Ẹ rántí nǹkan mẹ́rin yìí.

1. Ẹ má fi dandan wá ẹyọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ bi ara yín pé: kí ni ojú rí? Kí ni etí gbọ́? Kí ni ọwọ́ mọ̀? Ẹ sọ ìyẹn. Bí ẹnì kan bá ní ara òun ń gbọ̀n rìrì, ẹ sọ pé ó ń gbọ̀n débi pé kò lè di ife omi mú.

2. Ẹ lo àfiwé tí ẹni tó ń gbọ́ yín mọ̀. Bí Faransé ni, ẹ fi nǹkan wé nǹkan. Bí èdè tó ní irú ọ̀rọ̀ yìí ni, ẹ bi ẹni tó ni èdè náà pé kí ni àwọn máa ń sọ bí nǹkan bá rí báyìí.

3. Ẹ fi ọwọ́ àti ara ṣe é. Ìtìjú kò sí níbẹ̀. Ẹni tó fi ọwọ́ hàn bí apá ọmọ ṣe já bọ́ ti sọ̀rọ̀ tó pé.

4. Bí ẹ bá ń kọ́ èdè mìíràn, ẹ má kọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí ní òun nìkan. Ẹ kọ́ ọ pẹ̀lú ẹni tó ń bá rìn. Ẹ má kọ́ fòò, ẹ kọ́ pupa fòò. Bí ẹ bá sì ń kọ́ àlejò ní Nàgó, ẹ mú un lọ wo ohun náà. Mo mú Fúlàní tó bi mí ní fíofío lọ sí abẹ́ igi àràbà kan. Mo ní kí ó gbójú sókè. Ó gbójú sókè títí fìlà rẹ̀ fi bọ́. Kò bi mí mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Àwọn ọmọ wa ń lọ sí ilé ìwé Faransé, ó sì dára kí wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n mo ń kíyè sí wọn. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ Nàgó, mo ń gbọ́ «gan-an» níbi gbogbo: ó pupa gan-an, ó ga gan-an, ó dúdú gan-an, ó tutù gan-an. Gan-an kò burú. Ṣùgbọ́n bí gan-an bá jẹ fòò, tó jẹ fíofío, tó jẹ kirikiri, tó jẹ rinrin, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìyá àgbà yóò sọ pé ọmọ rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ túmọ̀ fún un yóò sì bi í pé, «Kí nìyẹn?» Nígbà náà, nínú ilé wa gan-an ni omi yóò ti máa dànù.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí mo fún yín nìyí. Ẹ mú ìwé yín. Lónìí, ẹ kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún láti inú ilé ìdáná. Lọ́la, ẹ kọ márùn-ún láti oko. Lọ́túnla, márùn-ún láti ọjà. Ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹni tó ń bá rìn, ẹ sì fi àmì ohùn sí i. Bí àmì kan kò bá dá yín lójú, ẹ pè é sókè fún àgbàlagbà kan nílé, etí rẹ̀ yóò sọ fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ka gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n tó sùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí iyán ṣe ń funfun lẹ́lẹ́, bí èlùbọ́ ṣe ń kúnná lúbúlúbú, bí agbami ṣe ń kún fọ́fọ́.